Títa Góòlù àti Dáyámọ́ǹdì ní Kọ̀rọ̀: Alárinà, Alágbàtà, Gbàǹjo àbí Ìdógò?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn ta ohun tó wà nínú rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀: ṣéènì góòlù kan tó wúwo lọ́wọ́, òrùka kan tí dáyámọ́ǹdì jókòó sórí rẹ̀, àti yẹtí tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tẹnu mọ́: "Jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Kí wọ́n má lọ máa sọ pé mo ti ń ta ẹrù jẹun." Kì í ṣe pé owó tán lọ́wọ́ wọn. Ìgbéyàwó tó mú àwọn nǹkan náà wọlé ló ti túká, wọn ò sì fẹ́ máa rí wọn nínú yàrá mọ́.

Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́ta, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe tí ì bá máa dùn mí di òní. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹni tó ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílé, tí kò sì fẹ́ kó di ọ̀rọ̀ àdúgbò, lè fi ọ̀nà kan wé èkejì kó tó gbéra. Alárinà ni mo máa fi ṣe òpó, n ó sì máa gbé àwọn ọ̀nà yòókù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Alárinà yàtọ̀ sí alágbàtà

Ẹ jẹ́ ká ya àwọn méjì yìí sọ́tọ̀ ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Alágbàtà ń fi owó ara rẹ̀ ra ọjà lọ́wọ́ yín kó lè lọ tà á lọ́wọ́n fún ẹlòmíì. Oníbàárà yín ni. Bó bá ṣe rà á lọ́pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni èrè rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, òwò ni. Alárinà ní tirẹ̀ kì í rà. Ó ń gbé ọjà yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa rà á, ó ń bá a dúnàádúrà nítorí yín, ó sì ń gba kọmíṣàn nínú ohun tó bá wọlé. Bí ọjà bá ṣe wọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ náà ń pọ̀ sí i.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnì kan náà lè máa ṣe méjèèjì. Lọ́jọ́ Ajé, á ní òun máa bá yín wá oníbàárà. Tó bá di Ọjọ́rú, á pè pé òun ti rí ẹnì kan, pé iye báyìí ni ẹni náà ní lọ́wọ́. Òun gan-an ni ẹni náà. Ìbéèrè tó ń tú u fó ò gùn rárá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa rà á ni, àbí ẹ máa bá mi tà á?" Ẹ bi í kí òrùka tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ẹni tó bá dáhùn tààrà pé òun lòun máa rà á kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ̀yin náà á kàn mọ̀ pé iye tó bá kọ́kọ́ dá kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí.

Àwọn alárinà gidi pàápàá, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà jẹun. Àwọn kan ń gba ìdá kan pàtó nínú iye tí ọjà bá tà. Àwọn míì á ní kí ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ kó dé ọwọ́ yín, ohunkóhun tó bá lé lórí rẹ̀ sì di tiwọn. Èkejì yìí dùn ún gbọ́ létí, torí ó dà bíi pé ẹ ò san kọmíṣàn kankan. Ẹ wò ó báyìí: ẹ ní 100 lẹ fẹ́, ó sì tà á ní 150. Ẹ gba 100, òun gba 50. Ká ní ìdá 15 nínú 100 lẹ jọ fẹnu kò sí, 22.5 ni yóò gbà, 127.5 á sì wọlé fún yín. Òrùka kan náà ni, oníbàárà kan náà ni, iye kan náà ló sì kúrò lápò oníbàárà. Èmi ò ní gba àdéhùn "ohun tó bá lé" láé, àfi tí mo bá mọ̀ dájú iye tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jà.

Kí lẹ ní lọ́wọ́ gan-an?

Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún, àmọ́ ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà nínú àpótí ló máa sọ ọ̀nà tó yẹ kó gbà jáde, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa gba ọ̀nà kan.

Ní ti góòlù, ẹ wá nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. Káráàtì ni wọ́n fi ń sọ bí góòlù ṣe mọ́ tó: 999 ni ti káráàtì 24, 916 ni ti 22, 750 ni ti 18, 585 ni ti 14, 375 sì ni ti 9. Ìdá nínú 1,000 ni nọ́ńbà náà ń kà. 750 túmọ̀ sí pé nínú 1,000, 750 ni góòlù. Fàdákà, bàbà àti irú wọn ni ìyókù. Ṣéènì ẹ̀gbọ́n mi wọn gíráàmù 20, 750 ló sì wà lára ìkọ́ rẹ̀. 20 lọ́nà 0.75, góòlù pọ́ńbélé gíráàmù 15 ló wà nínú rẹ̀. Áúnsì ni wọ́n fi ń kéde iye góòlù lágbàáyé, áúnsì góòlù sì jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe 28.35 tí áúnsì lásán jẹ́. Ẹ fi 31.1 pín iye ọjọ́ náà, ẹ fi 15 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jáde nílé. Kò sẹ́ni tó máa san gbogbo rẹ̀ fún yín, torí ẹni tó máa yọ́ ọ náà fẹ́ jèrè. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Káráàtì ti òkúta yàtọ̀ sí èyí. Ìwúwo ni wọ́n fi ń wọ̀n: káráàtì kan jẹ́ gíráàmù 0.2. Bí dáyámọ́ǹdì bá ní ìwé àyẹ̀wò láti ilé àyẹ̀wò tí ayé mọ̀, bíi GIA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1931, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ojú. Wọ́n máa ń kọ ìwúwo, àwọ̀ (láti D dé Z), mímọ́ àti bí wọ́n ṣe gé òkúta náà síbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, wọ́n á fi lésà kọ nọ́ńbà ìwé náà sí etí òkúta ní ìkọ̀wé tí ojú lásán ò lè rí. Ohun tí ẹ ò ní bá nínú ìwé GIA ni iye owó. Ìwé tí iye owó máa ń wà nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe fún ìnṣọ́ránsì, ìwé yẹn sì ti da ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ohun tó máa ná yín láti ra òmíràn ní tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀, èrè onísọ́ọ̀bù sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa fi iye yẹn ra ohun tí ẹ ti wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní irú ìwé yìí, ó sì nira fún mi láti sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ bóyá inú ilẹ̀ ni dáyámọ́ǹdì náà ti wá, àbí inú ẹ̀rọ. Láti 1954 ni wọ́n ti rí ọ̀nà ṣe dáyámọ́ǹdì nínú ilé ẹ̀rọ General Electric ní Amẹ́ríkà, lóde òní wọ́n sì ń ṣe èyí tó dára débi pé ojú àti awò alágbẹ̀dẹ ò lè dá a mọ̀. Ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́. Dáyámọ́ǹdì ni lóòótọ́, àmọ́ iye rẹ̀ lọ́jà ti já wálẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ alárinà ò sì ní fọwọ́ kàn án.

Ìsọ̀rí kẹta ni ohun tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ olókìkí lára: Cartier, Van Cleef & Arpels, Bulgari, Tiffany. Níbí, ìwọ̀n ò sọ òótọ́ tán. Ẹ̀gbà ọwọ́ Love ti Cartier, tó jáde lọ́dún 1969, ṣì ń rí ẹni rà á ní iye tó ju góòlù inú rẹ̀ lọ dáadáa, torí wọ́n ń wá a. Bí páálí rẹ̀, risíìtì rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ bá wà, ẹ kó wọn jọ. Ẹ má sì sáré gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kó bá yín dán an. Ẹni tó mọ̀ ọ́n fẹ́ rí i bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, kódà bí ìlà wẹ́wẹ́ bá wà lára rẹ̀. Ẹ́míráàdì, òkúta aláwọ̀ ewé, tún gbẹgẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: òróró ni wọ́n sábà máa ń fi dí àwọn ìlà inú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n tí wọ́n fi ń fọ ohun ọ̀ṣọ́ sì lè fa òróró náà jáde kí òkúta yín dà bí èyí tó sán.

Lọ́dọ̀ ayọ́góòlù

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra góòlù láti yọ́ ọ ni mo kọ́kọ́ gbé àpótí náà lọ. Ọkùnrin náà fa òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan yọ, ó fi etí ṣéènì ha á lára títí tí ìlà pupa-rúsúrúsú tín-ín-rín fi hàn, ó wá kán ásíìdì sórí ìlà náà. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ọn. Ìlà náà ò kúrò. Ká ní góòlù inú rẹ̀ ò tó ohun tí nọ́ńbà sọ ni, ṣe ni ì bá yòrò lójú wa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣéènì sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n náà sì kọ 12.86.

Mo ní gíráàmù 20 ni mo wọ̀n nílé. Ó ní pẹ́nìwéètì ni òun fi ń wọ̀n, kì í ṣe gíráàmù. Òótọ́ ni pé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wà: pẹ́nìwéètì kan jẹ́ gíráàmù 1.555, 20 nínú rẹ̀ ló sì di áúnsì góòlù kan. Ṣùgbọ́n iye tó kọ sára ògiri, iye gíráàmù kan ni. Ká ní mo fi iye gíráàmù sọ 12.86 di púpọ̀, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó wa tí ì bá sọnù. Mo ní kó yí ìwọ̀n náà sí gíráàmù, ó sì yí i láìjanpata.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàṣìṣe nìyí. Ó nawọ́ sí òrùka náà, ó ní kí òun wọ̀n ọ́n mọ́ ṣéènì "ká ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà." Mo ti ń fún un. Lójú ayọ́góòlù, òrùka náà ò ju gíráàmù mẹ́rin góòlù lọ. Òkúta orí rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan nínú ìṣirò rẹ̀. Mo dá ọwọ́ padà, mo ní ṣéènì nìkan ni mo mú wá tà.

Tí mo bá fi í wé alárinà: fún ṣéènì, ẹ̀gbà ọwọ́ tí kò lórúkọ, òrùka tó kán, yẹtí tó ku ẹyọ kan, ayọ́góòlù ló dára jù, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Góòlù ní iye tí gbogbo ayé mọ̀, ìfẹ́ oníbàárà kankan ò lè sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, nítorí náà kọmíṣàn alárinà á kàn jẹ́ owó tó ṣòfò. Ní ti àṣírí pàápàá, kò sí ọ̀nà tó bò ó tó o. Ohun tó bá ti yọ́, kò sẹ́ni tó máa tún rí i lọ́rùn ẹlòmíì. Ẹ kàn gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn lọ wọ̀n.

Ìdógò

Èyí ò gbà mí lákòókò. Ayánilówó tó ń gba ìdógò ò rà á lọ́wọ́ yín: ó ń yá yín lówó, ó ń tọ́jú ẹrù yín, èlé sì ń gorí owó náà. Owó tó máa yá yín kéré sí iye tí ẹ lè tà á, torí ó fẹ́ rí nǹkan jẹ bí ẹ ò bá padà wá. Ẹni tó nílò owó fúngbà díẹ̀, tó sì fẹ́ràn nǹkan rẹ̀, ló yẹ. Ẹni tí kò fẹ́ rí nǹkan náà mọ́ ò ní ìdí láti lọ síbẹ̀. Alágbàtà á san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un.

Gbàǹjo àti alárinà

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, torí àwọn méjì yìí ló ń du ọjà kan náà: dáyámọ́ǹdì tó tóbi, rúbì tàbí sàfáyà tí wọn ò fi iná sè kí àwọ̀ rẹ̀ lè dára sí i, ohun àtijọ́ tó ṣọ̀wọ́n, ohun tó lórúkọ.

Ilé gbàǹjo ńlá bíi Sotheby's, tó ti wà láti 1744, àti Christie's, láti 1766, ní ohun kan tí alárinà ò ní. Bí olówó méjì bá fẹ́ràn òrùka yín lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á máa fi owó lé ara wọn títí owó á fi dé ibi tí ẹ ò lálàá rẹ̀. Alárinà tó ń bá ẹnì kan ṣoṣo dúnàádúrà ò lè dá irú ìjàdù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ilé gbàǹjo sì mọ bí wọ́n ṣe ń bo orúkọ: "ohun ìní obìnrin kan" ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ọjà wọn nígbà tí ẹni tó ń tà ò bá fẹ́ kí wọ́n mọ òun.

Ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n bò, wọn ò bo nǹkan náà. Fọ́tò rẹ̀ á wà nínú ìwé ọjà, á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú iye tó tà, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí òrùka náà lọ́wọ́ yín rí, ojú kan ló máa wò ó tó máa mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sì tà ńkọ́? Ẹ̀yin àti ilé gbàǹjo á ti jọ dá iye kan tí wọn ò gbọdọ̀ tà á sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, wọ́n á dá a padà, àmọ́ gbogbo oníṣòwò ti rí i pé wọ́n gbé e jáde, kò sì sẹ́ni tó rà á. Ẹ lè rí i pé fún bí ọdún mélòó kan, ẹni tí ẹ bá gbé e lọ bá á máa fi ìyẹn gé owó yín. Bí alárinà bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta tí kò sì tà, àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ló mọ̀.

Owó tí wọ́n ń yọ náà ò hàn tán. Wọ́n lè gba kọmíṣàn lọ́wọ́ yín, owó fọ́tò, owó ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó rà á pàápàá máa san kún iye tí òòlù gbà, ìyẹn iye tí wọ́n lu òòlù lé lórí pé ó ti tà, ní àwọn ilé ńlá ó sì sábà máa ń ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ lè ní òun ló ń san án, kò kàn yín. Ó kàn yín: ẹni tó gbọ́n ti yọ owó yẹn kúrò lọ́kàn kó tó nawọ́ sókè. Ìdúró tún wà. Ọjọ́ títa ohun ọ̀ṣọ́ ò pọ̀ nínú ọdún, owó yín ò sì ní jáde lọ́jọ́ tí òòlù dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò rí kí àwọn alárinà máa sọ: àṣírí máa ń gé owó nígbà míì. Lọ́dún 1987, Sotheby's ta ohun ọ̀ṣọ́ Duchess of Windsor, ìyàwó ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi oyè sílẹ̀ nítorí ìfẹ́ rẹ̀, ní Geneva. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 dọ́là ló wọlé, ìlọ́po ìlọ́po ohun tí wọ́n ti fojú bù. Àwọn tó rà á ò ra òkúta nìkan, wọ́n ra ìtàn àti orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí ẹni tí ayé mọ̀ bá ta nǹkan rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀, ó sì di òrùka bí òrùka. Fún èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka èyí, orúkọ wa ò fi nǹkan kan kún un, nítorí náà àṣírí ò ná wa ní nǹkan níbẹ̀. Ìdílé tí orúkọ wọn ń dún gbọ́dọ̀ jókòó ṣe ìṣirò yìí dáadáa.

Kí ẹ tà á fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin lẹ máa gba gbogbo owó rẹ̀, kò sí kọmíṣàn. Ẹ̀yin náà sì lẹ máa gba gbogbo ewu rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà lè gbé àdírẹ́sì ibi tí ẹ wà pamọ́ sínú. Àlejò tí ẹ ò mọ̀ á máa béèrè ibi tí ẹ ń gbé. Owó tó "ti wọlé" lè padà jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá máa ṣe é, inú báńkì ni kí ẹ ti pàdé, kí owó sì wọ àkáǹtì yín níbẹ̀ kí nǹkan tó kúrò lọ́wọ́ yín. Fún ẹni tó ń wá àṣírí, èyí ló jìnnà sí i jù.

Bí ẹ bá mú alárinà

Alárinà kan ṣoṣo. Èmi náà ti rò pé tí mo bá fún ẹni mẹ́rin, á yá. Òdì kejì ni. Àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ mọ ara wọn, wọ́n sì máa ń wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan náà. Bí fọ́tò òrùka kan bá ti ọwọ́ ẹni mẹ́rin bọ́ síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á mọ̀ pé olóhun ń kánjú, àṣírí tí ẹ torí rẹ̀ mú alárinà á sì ti fò lọ. Nítorí náà, ẹnì kan, ọjọ́ tó lójú, 60 tàbí 90. Ẹ sọ ọ́ nínú ìwé pé kò gbọdọ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kankan, pé ojúkojú ni yóò fi han oníbàárà tó ti mọ̀. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó bá wà nínú òrùka, fọ́tò inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde rárá.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ dúró lé lórí ni ibi tí nǹkan náà á máa sùn. Láàárín àwọn oníṣòwò, ó wọ́pọ̀ kí ọ̀kan gbé ọjà fún èkejì lórí ìwé pélébé láìsan owó, kí èkejì gbé e fún ẹ̀kẹta. Bó bá sọnù lọ́wọ́ ẹ̀kẹta, tàbí tí òwò ẹ̀kẹta dà wó, tí àwọn tó jẹ ní gbèsè wá ń kó ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ta lẹ máa mú? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé tiyín ni nǹkan náà títí owó á fi pé, pé kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ alárinà láìsí ìwé yín, àti pé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ló máa san án bó bá sọnù. Ẹ ní kó fi ìwé ìnṣọ́ránsì náà hàn yín, kí ẹ sì wo iye tó bò dé.

Iye tí kò gbọdọ̀ tà á sísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, àti ìdá tó máa gbà, àti iye ọjọ́ tí owó á fi dé lẹ́yìn tó bá ti tà. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bó bá ń gbà, kó sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni láti rí ẹ̀dà risíìtì títà. Bí oníbàárà náà bá fẹ́ àṣírí, kí wọ́n bo orúkọ rẹ̀, kí iye owó hàn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á lé e lọ́wọ́, ẹ wọ̀n ọ́n níwájú ara yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti nínú, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìwé òkúta síbẹ̀. Ẹ ní kó fi awò rẹ̀ wo nọ́ńbà tí wọ́n fi lésà kọ sí etí òkúta, kí ẹ̀yin náà wò ó. Mo rántí bí mo ṣe tẹ ojú mi mọ́ awò náà, tí mi ò rí nǹkan kan, tí alárinà wá ń rọra yí òrùka náà lábẹ́ iná títí tí nọ́ńbà kéékèèké náà fi tò jáde bí ẹsẹ̀ èèrà. Bí òkúta yẹn bá padà wá, mo mọ bí mo ṣe máa mọ̀ pé òun ni.

Ibi tí àṣírí mọ

Alárinà tó mọṣẹ́ á béèrè káàdì ìdánimọ̀ yín àti ẹ̀rí pé tiyín ni nǹkan náà. Ẹ má bínú sí i. Ìlànà FATF, àjọ tó ń gbógun ti fífi owó ìwà ọ̀daràn ṣòwò lágbàáyé, ka àwọn tó ń ṣòwò góòlù àti òkúta iyebíye mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ mọ oníbàárà wọn bí owó ọwọ́ bá tó 15,000 dọ́là tàbí yúrò, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti sọ ọ́ di òfin. Ẹni tí kò bi yín ní nǹkan kan, tó ní òun ò nílò orúkọ, ẹrù olè ló ti mọ́ lára. Ẹ sá fún un. Alárinà ń bo orúkọ yín lójú ẹni tó ń rà. Kò lè bò ó lójú òfin. Bí nǹkan náà bá jẹ́ ogún tí ẹ̀yin àti àwọn àbúrò jọ ni, tàbí tí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ṣì wà ní kóòtù, kò tíì tó títà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé kóòtù tó sọ pé tiwọn ni. Ìwé yẹn ni alárinà kọ́kọ́ kà kó tó wo inú àpótí.

Ṣéènì lọ sọ́dọ̀ ayọ́góòlù kẹta tí mo lọ bá, owó rẹ̀ sì dé lọ́jọ́ náà. Òrùka gbé ọ̀sẹ̀ méje lọ́wọ́ alárinà kó tó tà, ìdá 15 ni ó gbà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ẹni tó rà á, ẹni náà ò sì mọ̀ wá. Yẹtí náà ni kò rí ẹni tó dé iye tí a dá. Alárinà pè mí nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí n bi wọ́n bóyá wọ́n lè rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Mo bi wọ́n, wọ́n ní rárá. Lọ́jọ́ tí 60 pé, ó gbé yẹtí náà sórí ìwọ̀n tó lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ńbà kan náà ló jáde, mo kọ "mo ti gbà á padà" sí ẹsẹ̀ ìwé àdéhùn, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i.